Wákàtí Mélòó Ni Búrẹ́dì Kan?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìṣirò kan ti ń dà mí láàmú. Bí mo bá wà lọ́jà, ó ń yọjú sí mi. Bí mo bá ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó tún dé. Àwa tí a wà nílé, tí a bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń mú £1,700 lọ sílé lóṣù ní Ìlú Ọba, kíá la ti sọ ọ́ di náírà. Pọ́n-ùn kan ń lọ sí nǹkan bíi ₦2,000, nítorí náà mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé ló ń wọlé fún un lóṣooṣù! Ẹni tó ti Ìlú Ọba dé náà, bó bá gbọ́ pé nǹkan jẹ́ ₦8,000, kíá lòun náà ti pín in: pọ́n-ùn mẹ́rin péré! Lójú tiwa, ó ti di olówó. Lójú tirẹ̀, gbogbo nǹkan ilé ló dọ̀pọ̀. Ìṣirò kan náà ni gbogbo wa ń ṣe, ó sì ń ba àárín ọmọ ìyá jẹ́.

Mo ti rí i nínú ẹbí tiwa. Mo sì mọ̀ pé ní Adó-Èkìtì níbí, láti Basírì títí dé Ajílosùn, ó ṣòro kí o tó rí agboolé tí kò ní ọmọ kan lókè òkun. Ìkéré rí bẹ́ẹ̀, Ìkọ̀lé rí bẹ́ẹ̀, Ìjerò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé.

## Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti ọkọ wọn pẹ̀lú ọmọ wọn kékeré ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Wọ́n ti lọ kí òfin oṣù Kẹta ọdún 2024 tó dé, èyí tó ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó má kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tí wọ́n wá sílé kẹ́yìn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ ṣe ni kí wọ́n lọ dirun. A ra àtáṣímẹ́ǹtì lọ́jà, mo sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó máa ń bá mi dirun ní Ajílosùn.

Onídìrí náà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ló dúró yí ẹ̀gbọ́n mi ká. Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó parí. Irun wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n á máa ya orí ní ìlà tóóró, tóóró, tí ìka wọn kò ní sinmi. Iná kò sí lọ́jọ́ náà, ooru mú, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Nígbà tí wọ́n ki ìdí irun náà bọ omi gbígbóná, tí wọ́n gbé dígí fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín bò wọ́n lójú.

"Èló ni owó yín?"

"₦8,000 ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ! Pọ́n-ùn mẹ́rin nìyẹn! Irú irun yìí, níbi tí mo wà, kò lè dín ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ó mà pọ́ọ́kú o!" Tọkàntọkàn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ìyìn ni. Wọ́n fún obìnrin náà ní ₦10,000, wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá ṣéńjì.

Onídìrí náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba owó náà, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé: "Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Àmọ́ kì í ṣe irun ló pọ́ọ́kú o. Ọwọ́ mi ni. Àtáṣímẹ́ǹtì tí ẹ rà wá yẹn, ṣé òun náà pọ́ọ́kú?"

Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀ rárá. Ó tilẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, èmi náà dákẹ́, nítorí pé nígbà tí a wà lọ́jà, àwọn fúnra wọn ló ń ráhùn pé iye tí wọ́n ń ta àtáṣímẹ́ǹtì níbí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iye tí àwọn ń rà á níbẹ̀.

## Ohun tí ọwọ́ ṣe àti ohun tí ọkọ̀ gbé wá

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọjà lọ́nà mìíràn. Gbogbo ohun tí a ń ná owó lé lórí, mo rí i pé orí méjì ló pín sí. Àwọn kan wà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá, tàbí tí ohun tí wọ́n fi ṣe é gba orí omi wá: àtáṣímẹ́ǹtì, oògùn òyìnbó, fóònù, ẹ̀yà ara ọkọ̀, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Iye tí gbogbo ayé ń rà wọ́n la ó rà wọ́n. Ẹni tó ń tà wọ́n kò bìkítà pé Adó-Èkìtì lo wà tàbí Manchester. Bí náírà bá sì ti já, àwa la máa san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Búrẹ́dì tí wọ́n yan ní òpópónà wa, tí ọmọ Èkìtì pò, tí ọmọ Èkìtì fi sínú ààrò, dọ́là wà nínú rẹ̀.

Orí kejì ni ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe lójúkojú: irun dídì, aṣọ rírán, táyà lílẹ̀, ọ̀kadà tó gbé ọ láti Fájúyì lọ sí ilé, bíríkìlà, mẹkáníìkì, obìnrin tó ń báni fọ aṣọ. Èyí kò ní iye kan tí gbogbo ayé ń tà á. Iye tí aládùúgbò lè san ni. Bí owó tó ń wọlé fún aládùúgbò bá kéré, owó onídìrí á kéré, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ní Ìlú Ọba, ibi tí ọwọ́ èèyàn bá ti wọ̀ ọ́ ni ó ti ń wọ́n. Tí omi bá ń jò nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á kọ́kọ́ wo fídíò lórí fóònù bóyá àwọn lè tún un ṣe fúnra wọn, torí pé wákàtí díẹ̀ tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi bá lò nílé wọn lè gbé owó iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan lọ. Ọkọ wọn ló ń gé irun ara rẹ̀. Àwọn kì í gbé ọkọ̀ takisí àfi tó bá di dandan. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: àwa tí a wà níbí, a rò pé ẹni tó wà lókè òkun kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan.

Nítorí náà, nígbà tí àlejò láti òkè òkun bá ní nǹkan pọ́ọ́kú nílé, ká bi í pé nǹkan wo. Epo kò pọ́ọ́kú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ́ọ́kú. Àwa èèyàn la pọ́ọ́kú. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

## Ẹ jẹ́ ká fi wákàtí ṣe é

Mo wá pinnu pé n kò ní fi pọ́n-ùn ṣe náírà mọ́, n kò sì ní fi náírà ṣe pọ́n-ùn. Wákàtí iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi wọn nǹkan. Ọlọ́run fún gbogbo wa ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, kò sí báńkì tó lè já a wálẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òfin Ìlú Ọba sọ owó tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 di £12.21 fún wákàtí kan; iye ọdún 2025 yẹn ni mo fi ṣe ìṣirò ti ẹ̀gbọ́n mi níhìn-ín. Nílé wa, láti oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 lóṣù ni owó tó kéré jù, ó kúrò ní ₦30,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Ìjọba Èkìtì náà gbà láti san án lọ́dún náà. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, nǹkan bíi ₦400 ni wákàtí rẹ̀ kan.

Ó yá. Búrẹ́dì tí mo ń rà fún ilé jẹ́ ₦1,500. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń rà jẹ́ £1.40, ìṣẹ́jú méje. Lítà epo bẹntiróò kan, tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ti ń bá ₦1,000 ṣeré; ó lé ní wákàtí méjì. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú méje náà ni. Ẹyọ iná mànàmáná kan fún àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún nílé wa lé díẹ̀ ní ₦200, ìdajì wákàtí. Níbẹ̀, nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, iná náà kì í sì í lọ.

Ti iṣu ló dùn mí jù, torí Èkìtì ni mí. Nàìjíríà ló ń gbin iṣu jù lọ lágbàáyé. Iṣu Ìkọ̀lé àti ti Òmùò ń wọ ọjà Adó lójoojúmọ́ tí àsìkò bá tó. Iṣu tó tóbi, tó lè gún iyán fún ìdílé kékeré kan, ni mo rà ní ₦3,000 lẹ́yìn tí mo ti nájà dáadáa. Fún ẹni tó ń gba owó tó kéré jù, ọjọ́ iṣẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Iṣu tí ẹ̀gbọ́n mi ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn dúdú, Ghana ló ti wá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó san owó ibodè, wọ́n sì ń rà á ní £6. Ìdajì wákàtí. Ọmọ Èkìtì tó wà lórí yìnyín ń jẹ iyán pẹ̀lú òógùn tó kéré sí ti ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́bàá oko iṣu.

Ibi tí ojú mi ti là ni owó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ń san £700 lóṣù fún ilé oníyàrá méjì: wákàtí 57. Ilé oníyàrá méjì ní àdúgbò tí kì í ṣe ti olówó ní Adó, ₦300,000 lọ́dún, ìyẹn ₦25,000 lóṣù: wákàtí 62. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ìyàtọ̀ ni pé tiwa kì í ṣe oṣooṣù. Odindi ọdún kan ni onílé máa gbà lẹ́ẹ̀kan, òmíràn á ní ọdún méjì, á sì tún fi owó agbódegbà àti owó ìwé àdéhùn lé e.

Kí n má gbàgbé irun. £100 jẹ́ wákàtí mẹ́jọ fún ẹ̀gbọ́n mi. ₦8,000 tí a ní ó pọ́ọ́kú, wákàtí 20 ni fún akẹgbẹ́ wọn tó ń gba ₦70,000 níbí. Irun tó pọ́ọ́kú náà kò pọ́ọ́kú fún ẹni tó ń gbé àdúgbò onídìrí náà. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ń dá lọ́pọ̀ ọjọ́, tí oníbàárà kan lè wọlé lónìí kí òmíràn tó tún yọ lọ́tùn-únla.

## Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Bí mo bá dúró síbí, ẹni tó ń kà á á ní Ìlú Ọba ti borí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà, bí wọ́n bá ṣe wákàtí 37 àbọ̀ lọ́sẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £2,000 lóṣù lórí ìwé. Owó-orí àti owó ìdáàbòbò ìjọba (National Insurance) ti yọ lára rẹ̀ kó tó dé báńkì. £1,700 ló kù. Ilé ti mú £700. Owó-orí kánsù wà níbẹ̀, gáàsì àti iná wà níbẹ̀, nígbà òtútù ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kò ṣeé pa. Ọkọ wọn náà ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ọmọ ni ìṣòro. Ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tí ọmọ bá ń lọ lójoojúmọ́ iṣẹ́, ń lọ sí nǹkan bíi £300 lọ́sẹ̀. Wákàtí 24 ó lé nìyẹn nínú 37 àbọ̀ tí wọ́n ń ṣe, kí a tó yọ owó-orí. Ìjọba ibẹ̀ ní ètò tó ń san púpọ̀ nínú owó yìí fún òbí tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sára ìwé ìgbélùú ẹ̀gbọ́n mi àti ti ọkọ wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba, ètò náà kò sì kàn wọ́n. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ òru, ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Wọ́n á gbé ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí ara wọn, ọ̀kan á lọ sùn, ọ̀kan á jáde.

Ọmọ tèmi kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ kíréèṣì. Màmá wa ló gbé e pọ̀n títí tó fi rìn. Tí màmá bá rìnrìn àjò, ìyàwó aládùúgbò wa á gbà á, á fún un lóúnjẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Mo fi iye tí wọ́n ń san níbẹ̀ wọn iṣẹ́ tí màmá wa ṣe lára ọmọ yìí láàárín ọdún kan. Ó lé ní £15,000. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí, kò sí nínú ìṣirò kankan tí a fi ń sọ pé nǹkan wọ́n nílé tàbí kò wọ́n. Mo sọ fún màmá, wọ́n ní ṣé orí mi pé, ta ló ń ta ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àwa náà ní ìdà tiwa tó ń gé wa. Omi: a gbẹ́ kànga fúnra wa. Iná: epo àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn. Ààbò: gbogbo òpópónà ló ń dáwó fún ọdẹ. Ilé ìwé: ẹni tó bá rí owó díẹ̀ sá kúrò ní ti ìjọba. Ilé ìwòsàn: owó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́. Níbẹ̀, bí àìsàn bá gbé ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò ní béèrè owó ní ẹnu ọ̀nà. (Àwọn tó lọ pẹ̀lú físà iṣẹ́ mìíràn ti san tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ ń san £776. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ti ìtọ́jú arúgbó bíi ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n yọ̀ǹda fún.) Ẹ̀rù àìsàn yẹn kò sí lórí wọn. Lórí wa, kò kúrò níbẹ̀ rí.

## Ẹ̀bẹ̀ mi sí apá méjèèjì

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ wá sílé, ẹ dirun, ẹ ránṣọ, ẹ kọ́lé. Owó yín wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pọ́n-ùn nájà pẹ̀lú ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Mo ti rí ẹni tó sọ fún bíríkìlà pé ₦10,000 lójúmọ́ ti pọ̀ jù, tí òun fúnra rẹ̀ ń gba ìlọ́po mélòó kan irú owó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Ẹni yẹn kò burú. Ó rò pé iye tí wọ́n ń san ládùúgbò ló tọ́. Iye tí wọ́n ń san ládùúgbò kò bọ́ ọmọ bíríkìlà náà.

Ẹ̀yin tí a jọ wà nílé, kí ẹ tó fi ₦2,000 sọ owó ọmọ yín di púpọ̀, ẹ bi í wákàtí tó fi wá a. Ní ọdún tó kọjá, ìbátan wa kan ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi £200 ránṣẹ́ fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, ó ní kí ni £200 lára ẹni tó ń gba mílíọ̀nù mẹ́ta. Wákàtí 16 ni. Òru méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbé arúgbó dìde, tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tí ọmọ tiwọn wà nílé. Nísinsìnyí, nínú ẹbí wa, oògùn màmá àti owó ilé ìwé nìkan la ń béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ béèrè ohun mìíràn gbọ́dọ̀ sọ iye wákàtí tó jẹ́ kó tó sọ iye owó. Ìbéèrè ti dín kù púpọ̀. Ìpè orí fóònù ti pọ̀ sí i.

Ìjọba ni mo fi parí. Òfin ọdún 2024 ní kí wọ́n máa yẹ owó oṣù tó kéré jù wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí náà ọdún 2027 ló tún kàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá jókòó, mo fẹ́ kí wọ́n gbé búrẹ́dì sórí tábìlì, kí wọ́n má gbé náírà. Ẹ ṣèlérí ₦100,000, ₦150,000, bí náírà bá tún já, ibi tí a wà náà la wà. Ẹ bá wa jà pé kí òṣìṣẹ́ Èkìtì má fi ju wákàtí kan lọ ra búrẹ́dì. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ onídìrí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí búrẹ́dì bá di wákàtí kan fún wọn, wọ́n á lè máa dirun lóṣooṣù, òun náà á sì lè sọ iye tí ọwọ́ rẹ̀ tó fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, yálà ó ti Òkèyìnmi ní Adó níbí wá tàbí ó ti Ìlú Ọba dé.